Ẹni Tí Ń Dáná Ṣọ́ọ̀ṣì

Agogo márùn-ún ìdájí, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.
Láti ìparí Oṣù Kọkànlá ni oòrùn ti dágbére fún wa,
kò sì ní yọjú títí ọdún tuntun yóò fi tó ogúnjọ́.
Mo há ìdì igi sí abíyá, mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́,
irin náà tutù débi pé ó ń jẹ awọ ọwọ́ ẹni.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń dáná ilé Ọlọ́run ní Skarvøya,
a ò sì tíì pàdé, èmi àti Onílé.

Ọmọ-ọmọ mi, Ingvild, dé láti yunifásítì.
Ó jókòó ti ààrò irin, ó ń wò mí
bí ẹni ń wo ẹja tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ó ní, "Baba àgbà, kí ni ẹ̀sìn wúlò fún gan-an?"
Mo ní jẹ́ kí iná yìí kọ́kọ́ ràn.

Iná ò tètè ràn. Igi tutù.

Ó ní ìbẹ̀rù ni. Ó ní ó wà nínú ìwé
pé ikú ló lé ọmọ ènìyàn wọ abẹ́ òrùlé yìí,
bí òjò ṣe ń lé àgùntàn.
Mo ní bóyá. Èmi náà bẹ̀rù.
Ẹni tí ó bá rí òkun wa nígbà tí inú bá ń bí i,
tí ó ní òun ò bẹ̀rù, òpùrọ́ ni.
Ṣùgbọ́n òjò dá, Ingvild,
àgùntàn mìíràn sì wà níbẹ̀ tí kò jáde.

Wo àga kẹta lápá òsì. Ti Torbjørg ni.
Kò gba ìdajì ohun tí àlùfáà ń sọ gbọ́,
a máa mi orí nígbà ìwàásù
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ẹja jíjẹrà fún.
Kọfí ni òun ń bá wá, kì í fi bò,
kọfí àti àkàrà pẹlẹbẹ tí ìyàwó Halvard ń yan.
Ọjọ́ Àìkú kan tí kò wá, ènìyàn mẹ́fà ló lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.
Ó ti ṣubú sí ilé ìdáná láti àná.
Bí ìyẹn bá ń jẹ́ ẹ̀sìn, mi ò mọ̀.
Ènìyàn mẹ́fà ni.

Halvard fúnra rẹ̀, ọ̀ràn tó bí ló ń pọ̀n wá.
Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a ò sọ.
Ibòmíràn wo ni ọkùnrin onírùngbọ̀n lè kúnlẹ̀ sí
tí wọn ò ní bi í pé kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?

Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ilé yìí náà ti ṣe ìkà.
Jorunn lóyún láìlọ́kọ,
ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí fún ọdún méje,
kò sí ẹni tí ó sún fún un.
Ìyá mi wà lára àwọn tí kò sún.

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo fẹ́ iná náà títí ojú fi ń ta mí.
Sigvart, àbúrò mi, lọ pẹja ní Oṣù Kejì.
Òkun ò dá a padà, kò dá bàtà rẹ̀ padà.
Òkú tí a kò rí, níbo la ó kọjú sí tí a ó fi sunkún rẹ̀?
Omi fẹ̀ jù.
Ìhín ni wọ́n ti ka orúkọ rẹ̀, gbogbo ìlú sì dìde.
Ìyẹn nìkan. Wọ́n dìde, àga pariwo,
wọ́n tún jókòó.
Láti ìgbà náà ni mo ti ń ru igi wá.

Iná ràn.
Ingvild bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ya ọwọ́ méjèèjì sí i.
Kò sọ pé òun gbà, èmi náà ò bi í.
Ó wo ìdì igi, ó ní, "Èyí ò lè tó,"
ó sì jáde sínú òkùnkùn lọ kó sí i.
Mo ń gbọ́ ọ láti inú ilé,
bó ṣe ń yọ̀, tó ń bú yìnyín.