Òòlù Tí Mo Yá Wọn

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ wà
ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó kẹ́yìn sí òkè, tó kọjú sí òkun,
létíkun Ṣílè, níbi tí òjò ti di ìtàn:
ọmọ ọdún mẹ́fà á bi ọ́ pé
ṣé ó máa ń dunni bó bá bọ́ síni lórí.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ táńkà ń gbé omi wá.
Bí táyà rẹ̀ bá fọ́ lọ́nà, itọ́ la ó fi ti oúnjẹ lọ́nà ọ̀fun.

Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni ìkùukùu ń gòkè láti inú òkun,
kamanṣáka, bí a ṣe ń pè é níbí,
ó nípọn, ó tutù, ó ń fọwọ́ pa wá lẹ́rẹ̀kẹ́,
á sì kọjá lọ, kò ní kí wa kú ilé.

Olùkọ́ Orieta kọ ìbéèrè kan sára pátákó:
Báwo la ṣe máa dá a dúró ká tó jẹ́ kó lọ?
Kò kọ ìdáhùn kankan sí i. Ó jókòó.

Yasna ní àwọ̀n ni. Àwọ̀n àpò àlùbọ́sà.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi àgbàlagbà, mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi wúkọ́.
Afi-ajere-gbọn-omi, mo ní, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí?
Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n yá àwọn ní òòlù.

Èkíní: igi méjì, àpò mẹ́rin tí wọ́n rán pọ̀.
Millaray ló rán an, okùn ìpẹja ló fi rán an.
Ó dúró di ago méjì òru.
Ilẹ̀ mọ́, a bá a lẹ́yìnkùlé ìyá Rigoberto.
Ó mú nǹkan lóòótọ́: adìyẹ méjì.

Èkejì ò ṣubú.
Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó apá, wọ́n fi òkúta há ẹsẹ̀ igi,
wọ́n fi wáyà fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún
bí ẹni ń so ewúrẹ́ olóríkunkun.
Àwọ̀n tutù rinrin. Omi ń kán sínú ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n là sí méjì,
síbẹ̀ garawa gbẹ.
Rigoberto ní Nelson ló jí i mu.
Ìjà fẹ́ẹ̀ bẹ́.
Yasna yọ bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré kan lápò, ó gbé e lé ọ̀pá:
ó yí, ó ń yí lọ, ó gba ibi tí kò yẹ,
ó bọ́ sílẹ̀ nídìí kejì
níbi tí koríko kan ṣoṣo ti hù, ó tutù yọ̀yọ̀,
èyí tó ti ń mu omi wa láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ìka méjì péré ni wọ́n fi gbé etí ọ̀pá sókè.
Ìka méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ló wà níwájú mi yìí.
Alẹ́ kìíní: ààbọ̀ ife, àti kòkòrò kan.
Alẹ́ kejì: afẹ́fẹ́ líle, òfo.
Alẹ́ kẹta: a gbàgbé garawa.
(Báírò pupa ni wọ́n fi fàlà sí i nídìí.)
Alẹ́ kẹrin: lítà mẹ́ta àti ṣíbí mẹ́fà.
Nelson ló fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ó ní òótọ́ ò kéré.

Olùkọ́ ní kí wọ́n má fẹnu kàn án láìsè.
A sè é. A fi po tíì, ife mọ́kànlá,
ó ń rùn bí erùpẹ̀, ó ń ta bí irin díẹ̀.
Millaray dimú kó tó mu ún, ó sì bèèrè òmíràn.
Èmi náà gba tèmi. Mo rántí ẹ̀rín tí mo rín.
Ajere ò yí padà o, ihò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀;
omi ni wọ́n lọ pàdé níbi tó ti ń fò
kó tó di ohun tí à ń gbọn.

Ìdíje wà nílùú ńlá lóṣù tó ń bọ̀.
Wọn ò tíì kun nǹkan kan. Yasna ní ihò àwọ̀n ti tóbi jù,
òun fẹ́ fi ìpele kejì lé e; Nelson ní yóò wúwo.
Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn.
Wọ́n tún ní kí n yá àwọn ní òòlù.
Mo yá wọn.
Wọn ò tíì dá ti àná padà.