Ìwé Ìkìlọ̀ Ọlọ́jọ́ Mọ́kànlélógún

Èmi ni mo kọ́ Gambo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́:
orúkọ agbanisíṣẹ́ lókè, ẹ̀dùn ọkàn ní ẹsẹẹsẹ,
kí ohùn má le jù,
kó má sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń tọrọ iyọ̀.
Nígbà náà, fèrè ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣì ń jí wa ní Kakuri.
Gambo, ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ilẹ̀ Haúsá,
a jókòó sẹ́yìn kíláàsì, òwú á lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀,
a máa kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ,
ó kù díẹ̀ kó kọ ikọ́ mi.

Lónìí òun ni alága.
Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn òṣìṣẹ́ dáwó kọ́,
òun ló di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú.
Oṣù méje, a kò rí owó.
Ladi tó ń kọ́ni ní ìṣirò owó ti ṣírò tirẹ̀ tán,
ó ń din kósáí lẹ́bàá ojú irin.

Mo gbé ìwé wa lọ bá a.
Ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ilẹ̀,
ó mú bírò pupa, ó fa ìlà:
“Ọ̀gá, ẹ ò kọ déètì.”
Òótọ́ ni.
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ya ètè lásìkò ọyẹ́.

“Àwọn ilé-iṣẹ́ ti kú, ọ̀gá.
Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ mọ́,
kí ni yóò fi sanwó òṣìṣẹ́?”
Mo ní, “Jíìpù tuntun tó wà níta ńkọ́?”
Ó kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́ kejìlélógún, a jókòó sábẹ́ dóńgóyárò.
Wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.
Àwa wà níbòòji. A kò rí nǹkan jẹ.
Kò sí owó páálí,
mégádì bá ṣí sítọ́ọ̀ fún wa,
ó kó páálí ìjà àtijọ́ jáde, eruku bò wọ́n:
Ẹ SAN OWÓ WA.
A kò ní láti pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́.

Èyí tí mo gbé, mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́.
Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá
ni mo máa ń fún un.