Ìwé Gbèsè

Ẹ má bi mí ìdí tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n lára táyà.
Kì í ṣe ebi. Mo ti mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo ti jẹ àkàrà mẹ́ta.
Wọ́n yan àwọn ọmọ tuntun lánàá ni,
ní pápá ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin,
níbi tí koríko ti tán, tí yẹ̀pẹ̀ pupa
ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ bí àna tó wá kí ni tí kò lọ mọ́.

Họ́kì ni mo ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan
ni Ọlọ́run dá mọ́ ayé, ẹ kọjá síwájú,
ẹ lọ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà yín ní Òkè-Fíà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tẹ̀lé Ọmọ Aró.
Ọdún mọ́kànlá!
Aṣọ wọn jìn bí ìkòkò aró ìyá mi àgbà,
àmọ́ tí eré bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣá
bí àdìrẹ ayédèrú tó kan omi lẹ́ẹ̀kan.
Ìlọrin nà wá. Ìbàdàn nà wá.
Àwọn ará Iléṣà, tí ọ̀pá wọn ò tilẹ̀ pé,
wọ́n yá ọ̀pá lọ́wọ́ wa,
wọ́n fi nà wá.

Ṣùgbọ́n lánàá,
ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́, kí n má fi ẹnu mi pa á,
mo rí Ọ̀ṣunníyì, ọmọ Gbódòfọ́n,
ọdún mẹ́tàdínlógún, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀.
Bọ́ọ̀lù ń tẹ̀lé e bí adìyẹ tó gbọ́ ìró ọkà nínú igbá.
Ó ṣe bí ẹni ń lọ sósì, àwọn àgbà yà sósì,
ó di fìrì,
eruku ni wọ́n rí mú.

Mo rí Bàsírù ọlọ́wọ́ òsì,
tí wọ́n ní kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe,
torí ọ̀pá họ́kì kò mọ òsì.
Ó ń yí i dorí kodò, ó ń gbá a
láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́.

Aṣọ́lé wọn ńkọ́? Ọlátọ́rẹ. Èmi ni mo gé táyà ògbólógbòó fún un
tó so mọ́ ojúgun méjèèjì.
Bọ́ọ̀lù tó bá kan táyà mi,
ó ń sá padà bí ẹni tó rí agbowó-orí.

Ṣìfáwù ìyàwó mi ní, “O tún ti bẹ̀rẹ̀.”
Ó tọ̀nà.
Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Múkáílà ni mo ń pariwo kiri Alékúwodò,
pé yóò dé Àbújá, pé yóò wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.
Ọ̀kadà ni Múkáílà ń gùn báyìí.
Ó ń wá fẹ́ atẹ́gùn lọ́dọ̀ mi, n kì í gbowó.
A kì í sọ̀rọ̀ pápá.
Yóò wo ọ̀pá àtijọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù,
yóò wo títì,
yóò tẹná sọ́kadà.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, wọ́n ní tó bá rí ekòló á sá.
Èmi ò sá o.
Èmi ń ṣúfèé pe ekòló.

Nínú ìwé tí mo ń kọ gbèsè sí,
lábẹ́ Alájàǹí tó jẹ mí lówó táyà méjì láti ọdún iléyá tó kọjá,
mo kọ orúkọ àwọn ọmọ náà. N ò kọ iye.
Ṣìfáwù rí i. “Kí ni àwọn wọ̀nyí rà?”
Mo ní wọn ò ra nǹkan kan.
Èmi ni mo ra àwìn.

Òwúrọ̀ yìí, ọ̀kadà kan dúró.
Táyà rẹ̀ le koko, kò nílò atẹ́gùn rárá.
Múkáílà ò bọ́ sílẹ̀, kò pa iná,
ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.
“Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Gbódòfọ́n?”

Mo fa àga sí i.