Nígbà Tí Mo Di Ẹrù Kẹtàdínlógún

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ ní Kétu.
Iná ti lọ kí wọ́n tó kí ìrun alẹ́;
bátìrì tí mo so mọ́ gíláàsì oòrùn orí páànù
ló ń rọra bọ́ kọ̀ǹpútà mi,
bí ẹni ń fi ṣíbí rọ omi sí aláìsàn lẹ́nu.

Lẹ́tà kan wọlé láti ọ̀nà jíjìn:
"Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú Ojúlé,
ẹ̀rọ wa ń kú lójoojúmọ́ láago mẹ́rin ìdájí.
Ilé ìwòsàn ni wá. Ẹ jọ̀wọ́."
"Ẹ̀yin," ni wọ́n pè mí,
bí ẹni pé ọ̀pọ̀ wa la jókòó yí àtùpà ká.
Èmi nìkan ni. Èmi àti ẹ̀fọn.

Ọláoṣebìkan ló sọ ọ́ ní Ojúlé
nígbà tó ń kọ ọ́ ní yàrá kan tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà.
Ó mú mi dé ẹnu odi náà lọ́jọ́ kan, ó ní:
"Wò ó, ilẹ̀kùn méjì.
Ẹni tó kọjá ti àkọ́kọ́ kò tíì wọ̀lú.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ méjì tí kò mọra:
ọ̀kan á kan ilẹ̀kùn,
èkejì á jẹ́ ẹ, á bi í pé ìwọ ńkọ́,
ti àkọ́kọ́ á tún dáhùn
kí ọ̀rọ̀ gidi tó gba ibẹ̀ kọjá."
Ọdún kẹta rèé tó ti dákẹ́.
Kọ́kọ́rọ́ tó fi sílẹ̀ fún mi kì í ṣe irin:
lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, lórí bébà,
tó ká sáàárín ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Mo ka ìlà kan, mo ka ẹgbẹ̀rún.
Ní ìlà irínwó ó lé mọ́kànlá ni mo bá a:
bí àlejò bá kú sáàárín ilẹ̀kùn méjì,
a kì í ti èyí tó gbà wọlé.
Á wà ní ṣíṣí. Òmíràn á tún ṣí. Òmíràn.
Tó bá fi máa di aago mẹ́rin
ilé á ti di kìkì ilẹ̀kùn,
kò ní sí ògiri mọ́.

Ta ló kọ ìlà yìí?
Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀:
ọjọ́ tí a sọ Abíọ́nà lórúkọ. Mo ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àtúnṣe rẹ̀. Tì í.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.
Bàbá mi tó ń kan fèrèsé ránṣẹ́ sí Kùtọnu máa ń sọ pé
ẹrù tí a kò dì dáadáa, ojú ọ̀nà ní í tú.
Mo di ti ẹ̀rọ tuntun,
mo di ti ògbólógbòó tí ẹnì kan kọ̀ láti jù nù,
mo kọ ohun tó yí padà sí i lára ní gbólóhùn mẹ́ta,
mo fi kọ́kọ́rọ́ olóògbé lu òǹtẹ̀,
kí ẹni tó bá tú u lọ́nà má lè sọ pé òun kọ́.
Ìdì ni mò ń dì;
àwọn tí ń tú u kò bi mí ní ìdí.

Ìyá Abíọ́nà jí.
"Ta ní ń sanwó iṣẹ́ òru yìí?"
Mo fi lẹ́tà hàn án.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Wọn ò tíì dúpẹ́.
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ ọ́ ni."
Ó bu gààrí fún mi, ó padà lọ sùn.

Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni àdéhùn wà:
ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tà á, ẹ tú u palẹ̀,
ẹ má ṣáà yọ orúkọ Ọláoṣebìkan.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, mo tún ọdún yí padà.
Kò sí láyé mọ́, ọdún rẹ̀ ṣì ń lọ.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ.
Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Mo ti ilẹ̀kùn yàrá.
Mo tún dìde lọ wò ó bóyá mo tì í.