Kí N Tó Ka Èjì

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ka bébà ní Ṣómólú.
Àtàǹpàkò á sáré létí ìdì bí eku létí ògiri,
ní márùn-ún márùn-ún, mi ò ní wò ó,
màá máa bá oníbàárà ṣàwàdà lọ,
tí mo bá sì ní ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta ni.
Ẹni bá jiyàn á tún un kà, á tọrọ gáfárà.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan, mo na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì.
Ọwọ́ ò bá mi lọ.
Ẹnu yà mí, ẹnu náà sì wọ́.
Rọpárọsẹ̀, wọ́n ní. Orúkọ tí kò purọ́.
Ọ̀rọ̀ padà wá. Ẹsẹ̀ padà wá, ó ń wọ́lẹ̀ díẹ̀.
Ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Òsì ń wẹ ọ̀tún, ọ̀tún ò wẹ òsì mọ́.
Mo fi òsì gba ṣéńjì, ọmọ oníbúrẹ́dì yọwọ́:
"Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á."
Àlejò bi mí léèrè ọ̀nà Òkè-Àrìn, níbi tí wọ́n bí mi sí;
òsì ni mo fi júwe ilé bàbá mi.

Muníràt ní Ìdí-Àràbà, tí ìbá jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi,
lẹ awẹ́ méjì tó tutù bí ikùn àkèré mọ́ mi lápá,
ọ̀kan nísàlẹ̀ ìgúnpá, ìkejì lẹ́bàá ọrùn-ọwọ́.
Wáyà wọnú àpótí kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ.
"Iná ni, Bàbá. Kò ní pa yín."
Èmi tí iná Èkó ti fojú mi rí màbo,
tí mo ti jókòó nínú òkùnkùn dọ́jọ́ kejì
ti ẹ̀rọ tó gbé ìwé sẹ́nu tí kò lè gbé e mì,
mo ní, ṣé iná yẹn náà ló fẹ́ wá gbé nínú apá mi?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì ni.

Ó yí kókó. Èèrà kọ́kọ́ rìn.
Ó tún un yí. Èèrà di ìjàlọ.
Ìka mẹ́rin ṣí
bí ilẹ̀kùn ilé mi tí àlejò ṣí fún mi láti inú.
Ìyá Gbọ́láhàn kígbe, "Ọlọ́run ṣeun!"
Èmi ò kígbe. Inú bí mi.
Bí mo bá fi bọ ènìyàn lọ́wọ́, ta ló bọ̀ ọ́?

Muníràt gbọ́ ohun tí mi ò sọ.
"Ẹ má kàn máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.
Tí iná bá ti ń bọ̀, ẹ ní kí ọwọ́ ṣí, kó tó ṣí.
Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn a di ọmọ mú,
kò gba ẹsẹ̀ ọmọ rìn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, oṣù méjì àti ààbọ̀.
Owó tán; a ta ẹ̀rọ ìgéwé fún Dàúdù
tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kò ná an.
Ọ̀sẹ̀ kan òjò dí ọ̀nà, mi ò lọ, ìka tún ká jọ.
Mo sunkún ní balùwẹ̀, kí omi lè bò ó.

Lánàá, ó fi ìdì bébà kan síwájú mi.
Wáyà ti wà nílẹ̀. Awẹ́ ti kúrò,
ó fi ojú pupa méjì sílẹ̀ lára mi.
Mo rán ọwọ́ níṣẹ́.
Iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́nà bíi lẹ́tà òkè òkun.
Àtàǹpàkò gbọ̀n, ó kan etí bébà,
ó yẹ̀, ó tún kàn án,
ó gbé ọ̀kan. Mo gbọ́ ọ, kẹ́rẹ́,
ohùn bébà tó ń fi èkejì rẹ̀ sílẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún, mi ò mọ̀ pé ó ń dún.

Mo ní: ení.
Muníràt dákẹ́, ó ń dúró de ìyókù.
Òsì ti ń bọ̀ wá ṣe ìrànlọ́wọ́.
Mo jókòó lé e lórí.