Ẹnu Kànga Ìyá Rábíátù

Ọjọ́ kejì tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kó sí kànga
ni Ìyá Rábíátù wá sí ìsọ̀ wa ní Yemẹ̀tù,
ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì ò wọ̀, kò mọ̀.
"Wẹ́dà, bá mi fi irin dí i."

Bàbá mi ò ní ẹ̀rọ tí í tẹ irin;
gbọọrọ gbọọrọ ni gbogbo irin ìsọ̀ rẹ̀.
Ó kan ìṣó mọ́lẹ̀, ó so okùn ààbọ̀ mítà mọ́ ọn,
ó fi ẹfun yí ká: òbírí rèé,
bí ẹnu kànga ṣe rí gan-an.

Irin mẹ́rin ló kọ́kọ́ tò sínú rẹ̀.
Mo wọ̀n ọ́n: igba sẹ̀ǹtímítà ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Àlàfo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan
gba orí ọmọ.
Bàbá wò ó, ó tú u ká.

Ó wá mú okùn yẹn náà, èyí tó fi fa òbírí,
ó ń fi í wọn etí ẹfun bí ẹni ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó padà síbi tó ti ṣí,
kò lé, kò dín: ọ̀ọ́dúnrún.
"Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà," bàbá ní,
"ṣé o rí i pé ó tó?"

Kò tó. Ìkúùkù ọmọdé ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Èmi tí mo ń lọ Yunifásítì, mo gba ẹfun,
mo la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì: igun méjìlá,
irin kọ̀ọ̀kan dín díẹ̀ ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá ààbọ̀.
Ìka kan ṣoṣo ló lè wọ àlàfo rẹ̀.
Mo ní ká tún un là, kó di igun mẹ́rìnlélógún,
yóò di ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlá àti díẹ̀...

Bàbá ti de ìbòjú rẹ̀ mọ́rí.
"Ta ni yóò san owó iná? Igun kan, ìjórin kan.
Òbírí ò ní igun, Mórádékẹ́. Ibo lo fẹ́ lé e dé?"
Ó jó méjìlá pọ̀, ó fi páànù bo àárín,
ó ṣe ilẹ̀kùn kékeré fún ìfami.

Mo ṣì ń lé e. Lóru, bí wọ́n bá mú iná lọ,
mo ń là á lórí ìwé:
méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
ó ń sún mọ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá àti bíńtín,
kò kàn án.

Bàbá ò sí mọ́. Irin rẹ̀ ti dípẹtà.
Mo ka igun rẹ̀, ó pé méjìlá.
Rábíátù, tó ti lóyún tirẹ̀ nísinsìnyí,
ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan, ó jù ú sí àlàfo etí irin.
Ó wọlé.
Ó pẹ́ ká tó gbọ́ omi.