Àtúnṣe

Ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní kọ́lẹ́jì kan ní Hull,
mo ń ka ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìdí.
Ẹ̀dà àkọ́kọ́: ojú ewé mẹ́rin, pẹ́nì méjì,
ìpolówó bàtà, èsì bọ́ọ̀lù, ewì burúkú kan.
Nígbà ogun, bébà wọ́n;
wọ́n fún gbogbo ayé mọ́ ojú ewé kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà ni Winifred Garside di olóòtú,
ọmọ apẹja, tó máa ń feyín gé okùn.
Ọlátẹ́jú kọ lẹ́tà sí i nípa onílé
tó ní yàrá ti kún,
tí pátákó “Yàrá wà” ṣì ń jù lójú fèrèsé.
Ọ̀gá kọ́lẹ́jì ní kí wọ́n yọ ọ́.
Winifred ò yọ kọ́mà.
Wọ́n ti ọ́fíìsì pa; ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.
Bébà náà ṣì ń rùn bí ẹja,
àbí imú mi ló ń purọ́.

Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà: “Olatuja”.
Ọ̀sẹ̀ kejì, àtúnṣe: “Ẹ jọ̀wọ́, Oletaju ni.”
Ọ̀sẹ̀ kẹta, àtúnṣe àtúnṣe.

Mo mú bírò,
mo kọ ọ́ sí etí ìwé, tòun tàmì ohùn:
Ọlátẹ́jú.
Ẹ má sọ fún olùtọ́jú ìwé.